Nígbà Tí Wọ́n Bá Tú Àtíbàbà Tán

Kò sí ilé ọ̀fọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọn kì í ti ṣèlérí. Ní Kano, ẹni tó wá kíni yóò ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, yóò bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú olóògbé. Ní Onitsha, obìnrin yóò gbá opó mọ́ra, yóò máa sọ fún un pé "ndo, ndo". Ní Ìbàdàn, wọn yóò ní "ẹ kú àràfẹ́rakù, ẹ kú ìrọ́jú". Èdè yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun tó máa ń tẹ̀ lé ìkíni náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó wá kíni yóò mí kanlẹ̀, yóò wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wá sọ pé: "Ẹ má sunkún mọ́. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá nílò, ẹ ṣáà ti pè mí."

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Nígbà tí ènìyàn bá rí aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára ìṣó, tó rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ tó jọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmumu bá gbé omi wá fún un, ọkàn rẹ̀ máa ń rọ̀. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ní wákàtí yẹn, láti inú ọkàn rẹ̀ ló ti wá. Ká ní wọ́n bi í léèrè níbẹ̀ pé ṣé yóò mú un ṣẹ, yóò fi Ọlọ́run búra.

Àmọ́ ilé ọ̀fọ̀ kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Ọjọ́ kẹta á pé, ọjọ́ kẹjọ á pé. Wọ́n á tú àtíbàbà, àwọn tó ni àga á wá kó àga wọn, ìkòkò ńlá tí wọ́n yá á padà sílé ẹni tó ni ín. Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá á wọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìgbà yẹn ni opó á tó wò yíká, tí á rí i pé òun àti àwọn ọmọ ló kù, pẹ̀lú owó ilé tó ń bọ̀ lọ́nà àti orúkọ àwọn tó ṣèlérí.

Ìlérí kan ní Kàdúná

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdílé kan tó ń gbé ní Kàdúná. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàálé ilé náà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé ní Òkè Ọya. Akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ọṣẹ, ṣúgà, mílíìkì àti bisikíìtì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ilé. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: àkọ́bí obìnrin wà ní SS2, ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wà ní JSS1, àbíkẹ́yìn sì wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá bàálé ilé náà jà, kò sì kà á sí tó bó ṣe yẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣubú nílé ìwẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín gẹ́gẹ́ bí àṣà Mùsùlùmí.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe àdúrà fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà nílé-ẹ̀kọ́ gíga wá láti Àbújá. Kọngílá ni, ọkọ̀ méjì ló sì bá a wá. Ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àkọ́bí olóògbé, ó ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun, ó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé: "Ìyàwó wa, nu ojú rẹ nù. Ọmọbìnrin yìí ti di tèmi. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, títí tó fi máa jáde ní yunifásítì." Àwọn èèyàn ké Alahu Akbar. Àfáà ṣàdúrà gígùn fún un. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní Dádì Àbújá.

Ẹnì kan wà láàárín èrò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n opó ni, káfíńtà ní Ìlọrin. Kó tó kúrò nílé ló ti pinnu pé òun yóò mú ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀, àti pé nígbà tí àjọ tí òun ń dá bá kàn òun, owó yẹn ni òun yóò fi san owó ìdánwò WAEC rẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ olóògbé sọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dákẹ́. Nígbà tí àjọ kàn án, ó fi owó náà kan páànù lé yàrá méjì tó ti ń kọ́ bọ̀ láti ọdún mélòó kan. Ta ló máa bá a wí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣèlérí kì í rò rèé. Wọ́n rò pé bí àwọn kò bá lè mú ìlérí ṣẹ, ibi tí nǹkan wà kí àwọn tó sọ̀rọ̀ náà ni yóò padà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlérí ńlá máa ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó fẹ́ ṣe díẹ̀ á rò pé ẹnìkan ti ṣe púpọ̀, wọ́n á sì gbé ọwọ́ wọn sí ibòmíràn. Opó náà á ti ṣírò owó rẹ̀ bí ẹni tí ẹrù kan ti kúrò lórí rẹ̀. Bí ìlérí náà bá wá já, ohun tó wà nílẹ̀ á ti dín kù sí ohun tó wà kí wọ́n tó ṣe é.

Ní oṣù kìíní, Dádì Àbújá gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù kejì, ó ní òun wà nínú ìpàdé, òun máa pè padà. Ní oṣù kẹta, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ni ọmọbìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Kò béèrè owó. Ó ń kọ pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá wa náà kí yín." Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ, kó má baà dà bí ẹni tó ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ pé ọkùnrin náà ti gbàgbé wọn, ó bínú sí i gan-an, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ Dádì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í fẹ́ gbà pé bàbá mìíràn náà ti lọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Àbújá? Kì í ṣe pé ọkùnrin náà gbàgbé. Iṣẹ́ ńlá kan tó ṣe parí, wọn kò san owó rẹ̀. Báǹkì tó yá a lówó ń lé e kiri. Ó ti ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí orúkọ ọmọ náà bá yọ lójú fóònù, ìtìjú á bò ó, á dojú fóònù bolẹ̀. Á ní tí owó bá wọlé lọ́la, òun á pè é, òun á sì fi ayọ̀ pè é. Owó kò wọlé. Bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìpè náà túbọ̀ ń ṣòro fún un láti pè. Ìwà ìkà kọ́ ló sábà máa ń mú kí ọ̀rẹ́ sá fún ìdílé olóògbé. Ìtìjú ni. Àmọ́ ẹni tó jókòó ti fóònù tí kò dún kò lè mọ ìyàtọ̀.

Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀

Ọ̀rẹ́ olóògbé mìíràn wà níbi àdúrà yẹn. Ọmọ Ìgbò ni, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, Kàdúná náà ló sì ti dàgbà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ ohunkóhun lójú èrò. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó bi opó náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Màdáámù, ta ló ń kó ọjà fún yín, èló sì ni ẹ jẹ wọ́n?" Ìbéèrè yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí obìnrin náà sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó jẹ gbèsè ọjà, àwọn tó sì ń kó ọjà fún un ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ọkùnrin náà ní: "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni agbára mi ká lóṣooṣù. Ọdún kan ni n ó fi ṣe é. Bí oṣù kan bá le, n ó sọ fún yín." Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, owó náà á dé. Ní oṣù méjì tí ọjà kò yá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló mú wá, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọdún kan pé, ó wá jókòó sórí àga kan náà, ó ní ibi tí òun lè rìn dé nìyẹn, pé ọmọ òun náà ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Opó náà kò bínú. Ó dúpẹ́, ó sì gbé ẹran díẹ̀ fún un pé kó mú lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò tó owó ilé-ẹ̀kọ́ yunifásítì, àmọ́ orí rẹ̀ ni obìnrin yẹn gbé ìṣirò oṣù rẹ̀ lé, kò sì já a kulẹ̀.

Ẹnì kejì ni aládùúgbò wọn, ìyá Haúsá kan tí ilé wọn jọ kanra. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kì í kúrò nílé láìnídìí láàárín àkókò yẹn. Ta ni yóò wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù? Bí ṣọ́ọ̀bù kékeré bá fi oṣù mẹ́rin tì, àwọn oníbàárà á ti wá ibòmíràn lọ, ọjà á sì ti bàjẹ́. Obìnrin yìí kò ṣe ìlérí kankan. Ó kàn ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Ní àárọ̀, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sán, tí ọmọbìnrin olóògbé bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá tà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kan, wọ́n á sì gbé owó àti ìwé náà wá fún opó ní alẹ́. Nígbà tí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé, ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnì kẹta ni obìnrin kan tí òun àti olóògbé jọ ń ṣiṣẹ́. Kò ní owó tí yóò fún wọn, àmọ́ ó mọ ìwé. Ó wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó sì sọ fún opó náà pé kó má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tí kò bá yé e, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí ló gbé e wá. Ó wá ṣàlàyé ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un láàárín gbogbo àwọn tó ti wá kí i.

Òfin ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà kàn ní ìbánigbófò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó kéré tán, owó náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹni tó ń gba ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù, owó ọdún rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì tí olóògbé ti ń tọ́jú lóṣooṣù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ti ìdílé ni méjèèjì. Àmọ́ owó náà kì í rìn wá fúnra rẹ̀. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, wọ́n á sì béèrè ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ pé ẹni báyìí ló lè bójú tó ohun ìní olóògbé. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìpíngún, wọ́n á béèrè ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́ tàbí ti báǹkì pé òun ni ìbátan tó sún mọ́ jù ti tó láti sọ ẹni náà di ajogún. Kò tó. Ẹni tí wọ́n máa pè ni. Ta ló máa jogún, òfin ogún ló máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí opó náà jáde nílé, obìnrin yìí bá a lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó mọ ẹni tí wọ́n máa rí, ó mọ ìwé tí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó lé lọ́dún kí owó náà tó jáde. Àmọ́ ó jáde, ó sì ju àpapọ̀ gbogbo owó tí wọ́n kó sínú àpòòwé fún un ní ọjọ́ kẹjọ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ti wà tipẹ́

Àwọn ẹ̀sìn méjèèjì tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí Jáfárù ọmọ Abu Talib kú lójú ogun Mu'tah ní ọdún 629, Ànọ́bì Muhammad sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ìdílé Jáfárù, torí pé ohun tó dé bá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ẹ wò ó bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe yí èyí padà lónìí. Opó ló ń yá ìkòkò, àwọn ọmọ olóògbé ló ń ra ìrẹsì àti ẹran fún àwọn tó wá kí wọn, ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀ á sì tún mú oúnjẹ sínú ọ̀rá lọ sílé. Owó tí wọ́n ná ní ọjọ́ kẹjọ yìí kan náà ni ọmọ ń wá nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé.

Nínú Bíbélì, Dáfídì àti Jónátánì bá ara wọn dá májẹ̀mú pé inú rere kò ní tán láàárín ilé àwọn méjèèjì. Jónátánì kú sójú ogun, ó fi ọmọ ọdún márùn-ún kan sáyé, Mefibóṣẹ́tì, tó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ ń gbé e sá. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí ìjọba Dáfídì fìdí múlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè pé ta ló kù ní ilé Sọ́ọ̀lù tí òun lè ṣe lóore nítorí Jónátánì. Kò dúró kí ọmọ náà wá bẹ òun. Ó ránṣẹ́ lọ mú un wá, ó dá ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ padà fún un, ó yan àwọn tí yóò máa ro ó, ó sì ní kó máa jẹun nídìí tábìlì òun. Ẹni tó ṣèlérí ló wá ẹni tí ó ṣèlérí fún. Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ọmọ olóògbé ló ń wá ẹni tó ṣèlérí kiri.

Ìgbẹ̀yìn ìlérí náà

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n parí ìforúkọsílẹ̀ WAEC, ọmọbìnrin náà kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, ó ní kó ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí òun ti fi ránṣẹ́. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, kò sì sí èsì kan. Ìyá rẹ̀ kà wọ́n tán, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin. Inú bí ẹ̀gbọ́n náà. Kò bínú sí ọkùnrin Àbújá tó bí ó ṣe bínú sí àbúrò rẹ̀: "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti oṣù kẹta? Ṣé àlejò ni mo jẹ́ sí ẹ ni?" Àjọ ti tán, páànù ti wà lórí ilé. Ó lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó jókòó ìdánwò náà.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ àdúrà yẹn kí ọkùnrin Àbújá tó wá. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì ní ohun tí òun lè ṣe báyìí ni kí òun máa ra ìwé fún ọmọkùnrin tó wà ní girama ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ẹ̀kọ́. Obìnrin náà gbà á, ó ní Ọlọ́run yóò ṣọ̀nà. Ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àlejò náà dáadáa, ó gbé omi fún un, ó sì jáde. "Ẹ káàbọ̀ sà" ló sọ. Kò pè é ní Dádì. Ọkùnrin náà ń ra ìwé títí di òní, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí owó ìwé kò lè rà padà.

Ká ní ó ti pe ìyá ọmọ náà ní oṣù kẹta ni, kó sọ pé: "Ìyàwó wa, nǹkan ò rí bí mo ṣe rò. Wá ẹlòmíràn fún ọ̀rọ̀ WAEC, èmi á ṣe ohun kékeré tí agbára mi bá ká." Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ojú á tì í díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìlọrin ì bá ti gbọ́ kí páànù tó gorí ilé, ọmọ kò sì ní fi oṣù mẹ́fà jókòó ti fóònù.

Kí ló yẹ ká sọ, kí ló yẹ ká ṣe?

Kò sí ẹni tó ní kí ọ̀rẹ́ má ṣèlérí. Ilé ọ̀fọ̀ tí wọ́n ti ń kí ni ní "ẹ pẹ̀lẹ́" lásán kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó lè jẹ́ kí ìlérí gbé ẹni tí wọ́n ṣe é fún ró.

Ìlérí tó ní òpin sàn ju èyí tí kò ní lọ. "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́" kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn, torí ó fi ìtìjú béèrè sórí opó. "N ó san owó ilé fún oṣù mẹ́ta" ní iye, ó ní ọjọ́, ó sì ní ìgbà tí yóò parí. Gbogbo èèyàn á mọ ibi tí iṣẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlérí tí wọ́n ṣe ní ìkọ̀kọ̀ sàn ju èyí tí wọ́n ṣe lójú èrò. Ariwo àti àdúrà tí èrò ń gbà máa ń mú kí ẹnu ṣáájú àpò. Ẹni tó bá padà sílé, tó ṣírò owó rẹ̀, tó bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ jíròrò, tó wá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tó bá sọ nígbà yẹn ló máa ń dúró. Kó sì má ṣe sọ ọ́ lójú ọmọdé kí ọjọ́ tó pé. Àgbàlagbà lè gbọ́ ìlérí kó fi ọwọ́ kan mú un. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé fi ń dì í mú.

Àwọn ọ̀rẹ́ lè pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹnìkan lè máa gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn lè bá opó lọ sí báǹkì àti ilé ẹjọ́. Ẹlòmíràn lè bá wọn ṣàyẹ̀wò bóyá ó yẹ kí àwọn ọmọ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni fún ìgbà díẹ̀, torí òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3. Ẹlòmíràn tó jẹ́ akin lè dúró ti opó nígbà tí àwọn kan bá fẹ́ kó ẹrù olóògbé lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi àṣà tó ń pani lára jẹ opó níyà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú òfin náà. Ẹni tó bá jókòó ti opó, tó sọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí, ti ṣe ju ẹni tó fún un ní àpòòwé lọ.

Opó náà ní ohun tó lè ṣe. Kò yẹ kó fi ìlérí ẹnìkan ti ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá béèrè pé kí ni òun lè ṣe, kó má ṣe ní "ẹnìkan ti ń ṣe é" títí owó yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Bí oṣù méjì bá sì kọjá tí ẹni tó ṣèlérí kò gbé fóònù, kó jẹ́ kí àwọn tirẹ̀ gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀gàn. Kó má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa bẹ àgbàlagbà fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ṣì wà láàyè náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ọkọ tó bá fẹ́ràn ìdílé rẹ̀ á jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ báǹkì tí òun ń lò, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òun, gbèsè tí òun jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ òun. Á kó ìwé wọ̀nyí sínú fáìlì kan, á sì sọ ibi tó wà. Ìyàwó tó ní òwò tirẹ̀ á ṣe bákan náà fún ọkọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń pe ikú. Ìwé tó wà ní ìpamọ́ dáadáa lè bọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ó tọrọ.

Tí ikú ọ̀rẹ́ bá sì wá dé, tí ẹsẹ̀ gbé wa dé ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀. Ká gbé oúnjẹ tí a ti sè dání. Ká bi opó léèrè ohun tó kàn án lọ́sẹ̀ yìí gan-an: gbèsè ni, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni, àbí owó ilé? Ká mú ọ̀kan nínú rẹ̀, èyí tí agbára wa ká, ká sọ ọjọ́ tí a máa ṣe é, ká sì kọ ọjọ́ náà sí ibi tí a kò ti ní gbàgbé. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ọwọ́ wa kò tó o, ká gbé fóònù, ká sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó kú kò lè béèrè mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́, wọ́n sì ń ka ọjọ́.